Ohùn Tí Ń Dún Nínú Àyà Ọmọ: Ǹjẹ́ Ìwé Ìbéèrè Lè Gbọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé yìí lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa èémí àwọn ọmọ wa, àti nípa bí àwọn oníṣègùn ti ń ka iye àwọn tí èémí ń ni lára nínú wọn. Ó lè dàbí ohun tí ó jìnnà sí ìdáná àti ibùsùn wa, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ní àkókò ọyẹ́ tí ó kọjá, mo wà ní Òkèhò ní ilé ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan mi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ apá Òkè-Ògùn ní àsìkò náà mọ irú afẹ́fẹ́ tí mo ń wí. Ètè a máa là, eruku a máa bo ewé igi, wọn a máa sun igbó káàkiri, èéfín igbó a sì máa bá èéfín ìdáná pàdé nínú agbolé. Mo mú ìwé kan lọ́wọ́ tí a kọ ìbéèrè sí nípa àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Èmi fúnra mi ni mo yí i sí èdè wa láti inú irú èyí tí àwọn olùwádìí ń lò káàkiri ayé, nítorí mo fẹ́ mọ bí yóò ti dún ní etí àwọn ìyá tí wọn kì í ṣe ará ilé-ìwé gíga. Àwọn ìyá mẹ́rin ni ó jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bó pákí tí wọn yóò fi ṣe láfún. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo jókòó, mo sì ka ìbéèrè kìn-ín-ní sí wọn létí: láàárín oṣù méjìlá tí ó kọjá, ǹjẹ́ àyà ọmọ yín ti súfèé rí?

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ìyá kìn-ín-ní bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àyà a máa súfèé bí?" Èkejì fèsì pé ọmọ tòun kì í súfèé, pàápàá jù lọ ní òru, nítorí òun ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tí ó bá ń súfèé lóru ń pe ejò wọlé. Ìyá àgbà, ẹni kẹta, dáhùn kíákíá pé, "Bẹ́ẹ̀ ni o! Ọmọ-ọmọ mi kì í jẹ́ kí ará ilé sùn." Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, híhanrun ni ọmọ náà ń hanrun, nítorí imú rẹ̀ a máa dí bí ó bá dùbúlẹ̀. Ìyá kẹrin kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ọ̀bẹ tí ó fi ń bó pákí. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, sì jókòó tì í. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi dé ni. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, láti ibi tí mo jókòó sí ni mo sì ti ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan, fíì, fíì, nígbàkigbà tí ó bá ń mí síta. Mo ní, "Màmá, èyí wá ńkọ́?" Ó ní, "Èyí? Òtútù àyà ni. Ọdọọdún ní í mú un bí ọyẹ́ bá ti dé. Ẹ kò béèrè òtútù àyà lọ́wọ́ mi, súfèé ni ẹ béèrè."

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìwé mi nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni kan wà tí ó yẹ kí ó jẹ́ Rárá, Rárá kan sì wà tí ó yẹ kí ó jẹ́ Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnìkan bá ka ìwé náà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kan nínú mẹ́rin ní agbolé náà ní àmì ásímà. Bí etí mi kò bá sì tàn mí, iye náà tọ́: ọmọ kan ni ó ní i nínú àwọn mẹ́rin tí a béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé mú kì í ṣe ẹni náà.

Èyí kì í ṣe ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìyá mẹ́rin kò tó ohun tí a lè gbé ìdájọ́ lé. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá jà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí tèmi kò ju pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni tiwọn.

Ní ọdún 1991 ni àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè mélòó kan dá ètò ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ tí a ń pè ní ISAAC, láti ka iye àwọn ọmọdé tí ó ní ásímà àti àwọn àìsàn tí ó bá a tan. Auckland ní New Zealand ni wọ́n ti ń kó ìṣirò rẹ̀ jọ. Ṣáájú àkókò náà, olúkúlùkù olùwádìí ni ó ń béèrè ìbéèrè tirẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà kò sí bí a ti lè fi ìlú kan wé èkejì. Èrò wọn ni pé kí a ní ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo, kúkúrú, tí kò náni ní owó púpọ̀, tí a lè fi fún ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Ìńdíà àti ọmọ Jámánì bákan náà. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá yóò dáhùn fún ara wọn. Àwọn òbí ni yóò dáhùn fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje.

Ètò náà kẹ́sẹ járí ju bí ẹnikẹ́ni ti lè rò lọ. Nígbà tí a gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1998, ó kó ìdáhùn àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá tí iye wọn jẹ́ 463,801 jọ, láti ibùdó 155 ní orílẹ̀-èdè 56. Ìbàdàn wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà, New Zealand àti Ireland ni wọ́n sọ jù lọ pé àyà àwọn ń dún. Àwọn ọmọ Indonesia, China, Ìńdíà, Gíríìsì àti Etiópíà wà lára àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kéré jù lọ. Láti ibùdó tí ó kéré jù dé èyí tí ó pọ̀ jù, ìyàtọ̀ náà lé ní ìlọ́po ogún.

Ní Ìbàdàn, ó lé díẹ̀ ní 10 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá tí ó ní àyà àwọn dún bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Nígbà tí a tún béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí, ó ti di nǹkan bí 13. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ òbí ni ó ń dáhùn fún àwọn ọmọ kékeré, nǹkan bí 5 nínú 100 péré ni. Ṣé àìsàn náà ni ó ń di ìlọ́po méjì bí ọmọ ti ń dàgbà ni, tàbí ẹnu tí ó ń dáhùn ni ó yàtọ̀? Ìwé ìbéèrè nìkan kò lè sọ èyí fún wa, nítorí ìwé ìbéèrè kì í gbọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ohùn yìí jẹ́ ná. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, àwọn ọ̀nà èémí wà tí ó ya bí ẹ̀ka igi, láti orí èyí tí ó tóbi dé èyí tí ó tín-ín-rín bí okùn. Lára ẹni tí ó ní ásímà, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí a máa bínú sí ohun tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan: eruku, èéfín, òtútù, eré sísá, tàbí ọ̀fìnkìn lásán. Ẹran ara tí ó yí wọn ká a fún wọn, inú wọn a wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí èyí tí ó kù. Afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde yóò wá máa fi agbára gba ojú ihò kékeré kọjá, gẹ́gẹ́ bí ọyẹ́ ti í fọhùn nígbà tí ó bá ń gba ojú ìlẹ̀kùn tí kò sé dáadáa. Èyí ni ohùn náà. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn. A máa wá, a sì máa lọ. Ọmọ tí ó ń jà fún èémí ní òru àná lè máa gbá bọ́ọ̀lù lónìí bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohùn yìí: wheeze. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tí ó ṣe ìwé ìbéèrè kọ́ ilé wọn lé. Àwa ńkọ́? A ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún èémí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bọ́ sí ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lè jẹ́ ẹni tí ibà ń ṣe tàbí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo. Ẹni tí ó ń mí gúlegúle lè jẹ́ ẹni tí ó sáré lásán, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Híhanrun, ti imú àti ọ̀fun ni. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ń hó nínú ọ̀fun ọmọ ọwọ́, ohùn mìíràn ni èyí pẹ̀lú. A máa sọ pé "àyà rẹ̀ ń dún," ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ní í dún nínú àyà. Súfèé tí èmi mú lò sì jẹ́ iṣẹ́ ètè lójú gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn.

Àwọn ará Òkèhò kò ní ṣe aláìmọ ohun tí mo ń wí. Ìletò mọ́kànlá ni ó para pọ̀ di ìlú wọn nígbà ogun, kí wọn tó sọ̀kalẹ̀ láti ibùdó àtijọ́ lórí òkè wá sí ibi tí ìlú wà nísinsìnyí ní ọdún 1917, lẹ́yìn rúkèrúdò ọdún 1916. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé agbolé méjì lè máa pe ohun kan náà ní orúkọ méjì, tàbí kí wọ́n máa fi orúkọ kan pe ohun méjì, kí wọ́n sì jọ máa gbé láìsí ìjà. Ìwé ìbéèrè ni kò lè fara da èyí.

Àwọn olùdásílẹ̀ ètò náà kò fọ ojú sí èyí. Wọ́n pàṣẹ pé kí a yí ìwé náà sí èdè ìbílẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti ìṣáájú sì tún yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè mọ̀ bí ìtumọ̀ ti sọnù lọ́nà. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ó ti jáni kulẹ̀. Bí mo bá kọ súfèé sílẹ̀, ẹni tí yóò yí i padà yóò kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún súfèé gan-an, kò ní ṣì í. Ọ̀rọ̀ náà yóò lọ, yóò sì bọ̀ láìní àbùkù kankan, àwọn ọ̀gá ní Auckland yóò sì fi ọwọ́ sí i. Síbẹ̀ ìyá kan ní Òkèhò yóò ṣì máa bi yín pé àyà a máa súfèé bí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìmọ̀ àwa ará Áfíríkà ni ó fa èyí. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé jáde lórí àwọn òbí tí àyà ọmọ wọn ń dún. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ni ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wheeze jẹ́ lójú wọn. Ohun tí àwọn òbí ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ohun tí àwọn olùwádìí ní lọ́kàn. Nígbà tí a sì fi ọ̀rọ̀ wọn wé ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ rí, ẹnu wọn kò kò tó ìdajì ìgbà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹni tí ó ni èdè, kí ni kí a retí ní ti àlejò?

Orúkọ àìsàn náà pàápàá tún jẹ́ ìjà lọ́tọ̀. Ìwé ìbéèrè a máa béèrè tààrà pé, ǹjẹ́ ọmọ yín ti ní ásímà rí? Ní èdè wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ásímà ní ikọ́ fée. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni àwọn mìíràn fi ń pe ikọ́ tí í jẹ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Tíbì, bẹ́ẹ̀ ni a sì tún ń pe Tíbì ní ikọ́ ife, tí ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ yàtọ̀ sí i ní etí. Ọ̀kan ń ràn, èkejì kì í ràn. Ọ̀kan ń fẹ́ oògùn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èkejì ń fẹ́ èyí tí a ń fà sí ọ̀fun. Bí àlejò bá wá bi ìyá kan ní gbangba pé ṣé ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée, ta ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn aládùúgbò máa fa ife omi wọn sẹ́yìn? A kì í yára pe orúkọ àìsàn mọ́ ọmọ lórí. Àwọn bàbá wa tilẹ̀ ń pe ṣọ̀pọ̀nná ní ilẹ̀ gbígbóná kí wọn má baà dárúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó sì ń sún mọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n ń wádìí ìdílé rẹ̀, òbí rẹ̀ kò ní fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò bá sì tíì rí dókítà kò lè mọ orúkọ tí dókítà ń pe ohun tí ń ṣe é. Ní ọdún 2019, àwọn dókítà wa kan tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn tí ó lé ní 20,000 káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tí ó sọ pé dókítà ti sọ fún àwọn pé ásímà ni jẹ́ 2.5 nínú 100. Nígbà tí a fi àmì àìsàn pẹ̀lú rẹ̀ ṣe ìṣirò, iye àwọn tí a kà sí aláìsàn di 6.4. Àwọn tí ó ní àyà àwọn dún bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ 9.0. Àwọn ènìyàn kan náà ni, ìwádìí kan náà ni, ṣùgbọ́n iye mẹ́ta ni ó jáde, gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ti rí. Ẹ máa rántí èyí nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé iye báyìí ni ó ní àìsàn báyìí.

Ọ̀ràn ìrántí tún wà níbẹ̀. Oṣù méjìlá rọrùn fún ẹni tí ó ní kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ìyá tí ó wà lóko a máa fi ọyẹ́ ka ọdún, tàbí ìkórè iṣu, tàbí Kérésìmesì. Mo gbìyànjú láti sọ pé "láti ọyẹ́ èṣí títí di ìsinsìnyí," ó sì yé wọn lójú ẹsẹ̀. Ìyá a sì máa sùn ní yàrá mìíràn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní agogo mẹ́ta òru, ọmọ náà nìkan ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tún lè máa wo ojú olùkọ́ kí ó tó fa ìlà sí ìwé. Àti pé àwa Yorùbá jẹ́ ọlọ́yàyà sí àlejò: bí ó bá dàbí ẹni pé Bẹ́ẹ̀ ni ni àlejò ń fẹ́, a ó fún un ní Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá sì gbọ́ pé ó lè mú oògùn ọ̀fẹ́ wá, a ó fún un ní méjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan yé yín bí àṣìṣe kékeré ti lè di ńlá. Kì í ṣe iye ìlú kankan. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ká sọ pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ni ó wà ní ilé-ìwé kan, tí márùn-ún nínú wọn sì ní ásímà lóòótọ́. Ìwé ìbéèrè wa dára: ó mú mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú àwọn márùndínlọ́gọ́rùn-ún tí ara wọn dá, ó ṣi mẹ́wàá mú, àwọn ahanrun àti àwọn tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́rìnlá ni ó ní i. Iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta òtítọ́. Bí a bá sì pe àwọn mẹ́rìnlá náà síta, mẹ́wàá nínú wọn kò ní ohun tí a ń wá. Níbi tí àìsàn kan bá ti ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ti í bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí a lò ní ìlú kejì bá sì jẹ́ irú súfèé tèmi, tí kò mú ju ọmọ kan lọ, a ó wí pé ìlú kan yá gágá, èkejì ń ṣàìsàn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà ni àwọn kan fi wá ọ̀nà tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni àwòrán tí ń rìn, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New Zealand. A ó fi ìran márùn-ún han àwọn ọmọ, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀: ẹni tí àyà rẹ̀ ń dún ní ìjókòó, ẹni tí ó sáré tán, ẹni tí ohùn náà jí lóru, ẹni tí ikọ́ jí lóru, àti ẹni tí ó ń jà fún èémí gidigidi. A kò ní béèrè ju pé, ǹjẹ́ èémí tìrẹ ti rí báyìí rí? Kò sí ìtumọ̀ tí yóò sọnù lọ́nà.

Èkejì ni eré sísá. Ní Kumasi àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ ní Gánà, ní ọdún 1993, àwọn oníṣègùn mú àwọn ọmọ ilé-ìwé 1,095, wọ́n ní kí olúkúlùkù fẹ́ èémí sínú ọ̀pá kékeré kan tí ó ní àmì ìwọ̀n, kí ó sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí ó sì tún fẹ́ ẹ. Ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ bá fún lẹ́yìn eré, agbára ìfẹ́ rẹ̀ yóò dínkù, ọ̀pá náà yóò sì fi í hàn. 3.1 nínú 100 ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní ọdún 2003 fún àwọn ọmọ 1,848, ó ti di 5.2. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn pé ásímà kò pọ̀ sí i níbẹ̀ kò lè di ẹ̀bi ru ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pá kì í gbọ́ Twi, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé kí a wá sun ìwé ìbéèrè níná ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ásímà a máa lọ, a sì máa bọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀pá dé Òkèhò ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti pa eruku, lè bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wa ní àlàáfíà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan. Ìyá rẹ̀ ni ó rántí ọyẹ́. Ìbéèrè nìkan ni ó lè dé inú oṣù tí ó ti kọjá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ́kọ́ gbé ìbéèrè náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ti ń bó pákí, kí a gbọ́ ohun tí àwọn ìyá gbọ́ nínú rẹ̀, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí a fi ẹnu ṣe ohùn náà fún wọn. Kí a sì yẹ díẹ̀ nínú àwọn tí ó dáhùn wò pẹ̀lú ọ̀pá àti etí dókítà, àwọn tí ó ní Rárá pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn tí ó ní Bẹ́ẹ̀ ni nìkan.

Ohun tí ó fi kàn wá nínú ilé ni pé àwọn tí ń pín oògùn a máa wo irú ìwé báwọ̀nyí. Bí ìwé bá sọ pé àìsàn náà kò sí ní apá ibì kan, kò ní yá ẹnikẹ́ni lára láti gbé ínhélà lọ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ ìlera àgbáyé ti ka oògùn tí ń la ọ̀nà èémí mọ́ àwọn èyí tí kò yẹ kí ó wọ́n ní ilé ìwòsàn. Ọmọ wa yóò máa gba oògùn òtútù àyà, orógbó àti oyin ní ọdọọdún, ọ̀nà èémí rẹ̀ yóò sì máa fún lọ.

Ẹ̀yin ìyá, bí dókítà bá bi yín léèrè, ẹ má ṣe fi orúkọ àìsàn dá a lóhùn. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: ìgbà tí ó ń ṣe é, bóyá ó ń jí lóru, bóyá nígbà tí ó ń mí sínú ni tàbí síta, bóyá èéfín tàbí eré ni ó ń fà á. Ẹ fi ẹnu yín ṣe ohùn náà, ẹ má tijú. Bí fóònù tí ń gba ohùn bá wà nínú ilé, ẹ gbé e sí ẹ̀bá àyà ọmọ lóru, kí ẹ sì mú un lọ fún dókítà ní òwúrọ̀. Kì í ṣe gbogbo àyà tí ó dún ni ó jẹ́ ásímà. Bí ohùn náà bá bẹ̀rẹ̀ lójijì lára ọmọ kékeré tí ó ń jẹ ẹ̀pà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀pà ni ó bá ọ̀nà òdì lọ, ẹ sáré gbé e. Bí ọmọ kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ kí ó tó mí, bí ẹran àárín egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọlé, tàbí bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ọmọ tí ó ń fún bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, tí kò sì lágbára mọ́, kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá.

Kí n tó kúrò ní agbolé náà, mo pa ìwé mi dé, mo sì bẹ ìyá kẹrin pé kí ó ṣe ohùn tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe lóru fún wa. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì mí síta láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun: fíì. Ìyá àgbà ní, "Háà, ṣé èyí ni o ń béèrè láti àárọ̀? Pa tèmi rẹ́, tèmi kò rí bẹ́ẹ̀." Mo pa á rẹ́. Mo yí Rárá ìyá kẹrin padà, ó sì ṣèlérí pé òun yóò mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé. Nígbà náà ni ìyá kìn-ín-ní, ẹni tí ó fi mí rẹ́rìn-ín, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọmọ òun tí ó wà nílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ṣakí, a máa ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, láti kékeré ni, kò sì sí ẹni tí ó bi òun léèrè rí. Mo wo ìwé mi. Ọmọ tí ó ń gbé inú ilé nìkan ni ó ní àyè fún. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, lọ́wọ́ òsì, níbi tí kò sí ẹni tí yóò kà á.